Sẹ́ńsọ̀ tí a wá títí, orí díìfù ló jókòó sí

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Ojú ìwé ọkọ̀ yín tó máa ń jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń bá wí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan béèrè ìdí tí mítà ìsáré píkọ́ọ̀pù rẹ̀ fi kú, ẹ sì dá a lóhùn pé kó lọ wo ìdí gíàbọ́ọ̀sì, pé ibẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ tó ń ka eré ọkọ̀ wà. Ẹ ò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ọ́ tán, ibi tí ẹ ò sì sọ dé yẹn gan-an ni mo há sí fún oṣù méjì. Bí ọ̀rọ̀ ẹni yẹn bá rí bíi tèmi, á ti máa náwó báyìí.

Adìyẹ ni mò ń sìn lẹ́bàá Òṣíẹ̀lẹ̀ níbí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, píkọ́ọ̀pù mi máa ń kó ẹyin gba Ọbáńtókó, Àsẹ̀rò àti Adátán kọjá lọ sí Kútọ̀, ìgbà mìíràn wà tó máa ń dé Láfẹ́ńwá. Tó bá ń bọ̀, oúnjẹ adìyẹ ló máa ń rù wálé. Tòkunbọ̀ ni, ará Amẹ́ríkà, gíà rẹ̀ ń yí ara rẹ̀ padà, kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí ọwọ́ wọn mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ó rí ẹni tó jẹ̀bi níwájú.

Ọjọ́ Ẹtì kan ló bẹ̀rẹ̀. Kíréètì ẹyin 120 ló wà lẹ́yìn ọkọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń wà á, èmi jókòó tì í. Kí á tó dé Adátán, ọwọ́ mítà gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó wó sí òdo, kò dìde mọ́. Ọkọ̀ ń sáré, mítà ń sọ pé a dúró. Mo rò pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, tí gíà tí kì í jẹ́ ká mọ ìgbà tó yí padà tẹ́lẹ̀ wá ń já ọkọ̀ gbà bí ẹni tí wọ́n ta nípàá. Ẹ ṣáà mọ ìlú wa, abẹ́ òkúta ni. Kò sí ibi tí èèyàn fẹ́ lọ tí kò ní gun òkè kan kó tún sọ̀ kalẹ̀. A gun òkè, ó já. A sọ̀ kalẹ̀, ó já. Ẹyin mẹ́fà tàbí méje ló máa ń fọ́ kí n tó dé Kútọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, 41 ni mo kà. Oníbàárà mi kan ní kí n kúkú máa gbé ata àti òróró dání.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ kí n tó máa lọ, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀mí. Máìlì ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà ńláńlá tó wà lójú mítà náà. Kìlómítà wà nísàlẹ̀ rẹ̀ wínníwínní, ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti ń ṣe bàìbàì kò lè rí i. Òfin ojú pópó wa ní kí ọkọ̀ má ṣe ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan lọ láàárín ìlú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì máa ń fọ́nnu pé òun kì í kọjá 50. Ìgbà tí mítà kú, tí a wá ń yẹ ojú rẹ̀ wò fínnífínní, ni mo tó mọ̀ pé 50 tirẹ̀, máìlì ni. Máìlì 50 lé díẹ̀ ní kìlómítà 80. Bó ṣe ń fi gba iwájú ilé ìwé kọjá láti ọjọ́ yìí nìyẹn, tí èmi náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mò ń yìn ín. Nǹkan bíi 30 ló yẹ kó jẹ́ òpin rẹ̀ lójú mítà yẹn. Mo ti fi kútẹ́ẹ̀sì pupa fa ìlà sí orí dígí rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ Amẹ́ríkà, kó lọ wo tirẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí mo pè, àgbàlagbà ni, ó ti bá bàbá mi tún Peugeot 404 píkọ́ọ̀pù ṣe rí. Láyé ìgbà yẹn, okùn ni. Okùn irin kan tó wà nínú rọ́bà máa ń ti ìdí gíàbọ́ọ̀sì wá sí ẹ̀yìn mítà. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, okùn náà á máa yí, yíyí rẹ̀ ló ń gbé ọwọ́ mítà sókè. Bó bá já, wọ́n á ra òmíràn, wọ́n á fi gíríìsì pa á, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bàbá wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù mi, kò rí okùn, wáyà ló rí. Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́yin, mítà yín ló kú." ₦65,000 ni a fi ra odidi mítà tòkunbọ̀. A gbé e sí i, ọwọ́ kò dìde. Nǹkan mìíràn ló ṣẹlẹ̀: máìlì 143,000 àti díẹ̀ ni ọkọ̀ mi ti rìn kó tó di ọjọ́ yẹn, mítà tuntun ní 211,000. Ọ̀sán kan péré ni ọkọ̀ mi fi darúgbó. Mi ò bínú sí bàbá o, ohun tó mọ̀ ló ṣe.

Èkejì kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Ó wà á lọ, ó wà á bọ̀, ó ní gíàbọ́ọ̀sì ti lọ, pé ₦780,000 ni, òun sì mọ ẹni tó ní èyí tó dáa. Mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì gíà yọ níwájú rẹ̀. Ọ́ìlì pupa, kò dúdú, kò rùn bí ohun tó jóná. Mo ní ẹ ṣeun, a ó máa ríra.

Ẹ̀kẹta ni rẹ́wáyà kan tó ní skánà, ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀. Ó ki ẹnu wáyà skánà bọ ihò tó wà lábẹ́ sítíárì, ó tẹ̀ ẹ́ tí tí tí, kóòdù jáde: P0500. Ó yíjú sí mi bí babaláwo tí Ifá rẹ̀ ti fọre, ó ní, "Màmá, sẹ́ńsọ̀ ìsáré ló kú."

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti òǹkàwé yín bá mi fẹ̀sọ̀ tẹ̀. P0500 kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kú. Ohun tó ń sọ ni pé búréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀, ń retí ìròyìn eré, ìròyìn kò dé. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń mú ìròyìn wá ló kú lóòótọ́. Ó lè jẹ́ pé wáyà ló já lójú ọ̀nà, tàbí kó jẹ́ pé ibi tí wáyà ti so mọ́ra ló tú, tí omi wọ̀ ọ́. Bí ìwé ìròyìn yín kò bá dé Òṣíẹ̀lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ṣé ohun tí n óò kọ́kọ́ sọ ni pé olóòtú ti kú?

Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ èyí nígbà yẹn. Mo fi ₦18,000 ra sẹ́ńsọ̀. Rẹ́wáyà yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó dé ìdí gíàbọ́ọ̀sì níbi tí pùrọ́pẹ́là, ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn, ti jáde, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ṣe kọ ọ́. Ó rí ihò tó yẹ kí sẹ́ńsọ̀ wọ̀. Ìdérí ni wọ́n fi dí i. Kò sí wáyà kankan lẹ́bàá rẹ̀. Ó jáde, ó gbọn eruku nù, ó ní wọ́n ti jí i! Pé ẹni tó lò ó ṣáájú mi ló yọ ọ́ tà, tó fi ìdérí dí ojú ihò. Mo bi í pé bí wọ́n bá ti jí i kí n tó ra ọkọ̀, báwo ni mítà ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin gbáko lọ́wọ́ mi? Ó ní ọkọ̀ òyìnbó, nǹkan ìyanu pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan wà níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún 17 lọ, òun ló ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ lọ gba fóònù, ó sún mọ́ mi, ó rọra ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú o. Wáyà kan ń lọ sí ẹ̀yìn, kì í ṣe ti iná ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ n tẹ̀ lé e." Mo ní kó máa tẹ̀ lé e lọ.

Olóòtú, gbogbo bí mo ṣe tóbi tó, mo tẹ́ àpò oúnjẹ adìyẹ sílẹ̀, mo sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí n lè rí ohun tó ń ṣe. Wáyà méjì ni, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Wọ́n ti ọ̀dọ̀ búréènì bọ́ọ̀sì wá, wọ́n bá páìpù bíréèkì rìn lórí ṣásí, títí wọ́n fi dé ọ̀kánkán táyà ẹ̀yìn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fo kúrò lórí ṣásí, wọ́n bọ́ sórí irin gbàǹgbà tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, wọ́n sì wọnú ẹrẹ̀ gbígbẹ lọ, a ò rí wọn mọ́. Àárín irin yẹn ló wú róbótó bí ìkòkò, òun ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní díìfù. Ọmọ náà fi súkúrú-dúráífà ha ẹrẹ̀ orí rẹ̀. Ẹrẹ̀ náà nípọn ju ìka mi lọ, èrúnrún àgbàdo wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀ ni a ti rí i, ohun dúdú kan báyìí, kò tóbi ju àtàńpàkò lọ, bóòtì kan ṣoṣo ló dè é mọ́lẹ̀, ó dojú kọ inú díìfù bí ẹni ń yọjú wo kànga.

Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ní wọ́n jí nìyẹn. Kò kúrò níbi tí wọ́n fi í sí rí.

Wáyà tó lọ sí ara rẹ̀ kò já bí ohun tí nǹkan fà já. Eyín ló ge e. Ojú eyín náà hàn lára rọ́bà rẹ̀, tínńtín-tínńtín. Mo rẹ́rìn-ín, inú sì tún bí mi. Oúnjẹ adìyẹ tó máa ń ta sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ló ń pe eku wá. Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń jẹun alẹ́, wọ́n sì fi wáyà mi jẹ ìpápánu. Mo ti ń gbá ẹ̀yìn ọkọ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ báyìí kí wọ́n tó gbé e sábẹ́ àtíbàbà.

Ọmọ náà kò kàn lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá sẹ́ńsọ̀ náà ṣì wà láàyè. Ó fi òkúta dí iwájú àti ẹ̀yìn táyà iwájú, ó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ó fi igi nínípọn ti ṣásí lọ́tùn-ún lósì, nítorí jáàkì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbára lé wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó gbé gíà sí òfo. Ó wá so mítà tí wọ́n fi ń wọn iná mọ́ ẹnu sẹ́ńsọ̀, ó yí i sí AC (irú iná tó ń lọ tó ń bọ̀), ó ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa fi ọwọ́ yí táyà. Bí táyà ṣe ń yí, nọ́ńbà ń gòkè. Bó bá yí i kíákíá, á gòkè sí i. Bó bá dúró, á padà sí òdo. Kò tó iná tó lè tan gílóòbù kékeré, ṣùgbọ́n iná ni. Mo bi í pé ibo ni iná ti ń wá nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tan ọkọ̀.

Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nìyí. Òrùka irin kan wà nínú díìfù, ó ní eyín yíká bíi ti ayùn, ó sì ń bá táyà yí. Mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú sẹ́ńsọ̀, wáyà wínníwínní sì wé mọ́ ọn. Ìgbàkigbà tí eyín kan bá kọjá níwájú mágínẹ́ẹ̀tì, iná díẹ̀ á ṣẹ́ jú. Búréènì bọ́ọ̀sì kàn ń ka iye ìgbà tí iná yẹn ṣẹ́ jú ni; bó bá ka púpọ̀ láàárín ìgbà díẹ̀, ó mọ̀ pé ọkọ̀ ń sáré. Ohun tó kà ni mítà ń fi hàn, òun kan náà ni gíà ń gbọ́ kó tó mọ ìgbà tó yẹ kó yí padà. Nígbà tí kò gbọ́ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í méfò, ìméfò rẹ̀ ló ń fọ́ ẹyin mi. (Ẹ̀yin tí ẹ bá ń fi ẹnu ka lẹ́tà yìí fún ẹlòmíràn, ẹ ṣọ́ra: èmi ni ẹlẹ́yin, òrùka ló jẹ́ eléyín.)

Ó ní àwọn sẹ́ńsọ̀ kan wà tó jẹ́ pé wáyà mẹ́ta ni wọ́n ní. Irú àwọn yẹn kò lè dá iná ṣe, àfi kí ọkọ̀ fún wọn níná kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò, kó kọ́kọ́ tan kọ́kọ́rọ́, kó wò ó bóyá iná dé ẹnu wáyà kó tó bú sẹ́ńsọ̀. Nígbà tó tú tèmi jáde, lẹ́búlẹ́bú irin ti dì mọ́ ẹnu rẹ̀ bí irùngbọ̀n, mágínẹ́ẹ̀tì ló fà á mọ́ra. Ó fi àkísà nù ún mọ́, ó fi ọ́ìlì díẹ̀ pa òrùka rọ́bà rẹ̀, ó dá a padà. Ó fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà pọ̀, ó ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ó sì jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀ níbi tó ti fo kúrò lórí ṣásí, kó má baà nà já nígbà tí ẹrù bá tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀. A wà á lọ sí oríta Camp, a wà á padà. Ọwọ́ mítà dìde bí ẹni jí lójú oorun, gíà kò já mọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ẹyin méje ló fọ́. ₦6,000 ni ọ̀gá rẹ̀ gbà. Mo fún ọmọ náà ní ẹyin kíréètì kan, mo sì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lójú ara rẹ̀ pé aṣọ rẹ̀ ti funfun jù fún iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ìdí tí mo fi sọ gbogbo èyí ni pé kò sí ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi sẹ́ńsọ̀ yìí sí lára píkọ́ọ̀pù. Àwọn kan wà, bíi Chevrolet Silverado tó jẹ́ táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fà á, tó jẹ́ pé ìdí gíàbọ́ọ̀sì ló wà lóòótọ́, bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí Silverado yẹn bá jẹ́ èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, ẹ ó rí àpótí irin mìíràn lẹ́yìn gíàbọ́ọ̀sì, èyí tó ń pín agbára lọ síwájú àti sẹ́yìn. Ara àpótí yẹn ni sẹ́ńsọ̀ wà. Orí díìfù ni tèmi wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tuntun tó ní ABS (bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há gbagidi nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ lójijì) kò tilẹ̀ ní sẹ́ńsọ̀ kan tó dá dúró fún mítà mọ́: ẹsẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ fún bíréèkì, ibẹ̀ náà ni mítà ti ń gbọ́ ìròyìn. Nínú irú èyí, iná ABS sábà máa ń tàn pẹ̀lú mítà tó kú, ẹni tó bá sì lọ ń wá nǹkan lẹ́yìn gíàbọ́ọ̀sì, á wá a títí ilẹ̀ ó fi ṣú.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá òǹkàwé lóhùn nígbà mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í: ọdún wo ni wọ́n ṣe ọkọ̀ rẹ̀, táyà mélòó ló ń fà á, ṣé ó ní ABS, ṣé gíà náà ń já. Ẹ sọ fún un kó ní kí wọ́n tẹ̀ lé wáyà, kí wọ́n má ṣe tẹ̀ lé ẹnu mẹkáníìkì. Ẹ sì lè yàwòrán abẹ́ ọkọ̀ sínú ìwé ìròyìn yín lọ́jọ́ kan, kí ẹ kọ orúkọ nǹkan wọ̀nyí sí i lédè wa. Ọmọ tó tún tèmi ṣe mọ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n nígbà tó ń ṣàlàyé, "èyí báyìí" àti "nǹkan yẹn" ló ń wí ṣáá, àfi ìgbà tí a jọ jókòó wá orúkọ tí a ó máa pè wọ́n. Òrùka eléyín, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, sẹ́ńsọ̀ ₦18,000 yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi nínú páálí rẹ̀, ẹni tó tà á kò gbà á padà. Bó bá wo ìdí gíàbọ́ọ̀sì tirẹ̀ tó sì rí i pé ibẹ̀ ni tòun wà lóòótọ́, tí ihò rẹ̀ bá a mu, kó béèrè mi lọ́jà Kútọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́yin. N óò gba ₦10,000.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́yin,
Òṣíẹ̀lẹ̀, Abẹ́òkúta.